Ẹni Tó Tóbi Jù Nínú Àwòrán

Morákinyọ̀ kì í ṣe ẹni tó ń tètè bínú. Ẹni tó ti ń wa lọ́ọ̀rì jáde láti Dagenham Dock láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, tí ọ̀gá tó lè fi ṣe ọmọ ń pàṣẹ fún un nínú òjò, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ìbínú mì. Ṣùgbọ́n ọdún tí ìjọ rẹ̀ ní kó ya àwòrán fún àwọn, ohun tó gbé mì lọ́dún náà pọ̀ ju ohun tí ọ̀fun ń gbà lọ.

Ìjọ aládùúrà ni, ìjọ aṣọ funfun. Orúkọ rẹ̀ ni Ìmọ́lẹ̀ Orí Òkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òkè kankan nítòsí ibẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dagenham Dock ni wọ́n ti ń jọ́sìn, ilé onípáànù ńlá tó jẹ́ pé bí òjò bá ń rọ̀, oníwàásù ní láti dúró kí òjò sọ tirẹ̀ tán ná. Bàtà kì í wọ inú ilé àdúrà wọn. Gbogbo ènìyàn ló ń bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀sẹ̀ funfun nìkan ni wọ́n gbà láyè nítorí òtútù. Ẹ ro ó wò, bàtà odidi ìjọ, lọ́jọ́ Sunday, lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo.

Èyítáyọ̀, ìyàwó Morákinyọ̀, ló máa ń to bàtà náà. Kò sẹ́ni tó yàn án síbẹ̀. Kò ní oyè nínú ìjọ, kò ní àmùrè aláwọ̀ kankan lórí sùtánà rẹ̀, kì í ríran, kì í sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Chadwell Heath ló ti ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ kò sì gbà kí ó rí ohun tó wà ní rúdurùdu kí ó má fọwọ́ kàn án. Bí ìsìn bá ti bẹ̀rẹ̀, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa tò wọ́n ní méjì-méjì, ti àgbà lápá ọ̀tún, ti ọmọdé lápá òsì, ti aláboyún sórí àga kékeré kan kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìsìn bá parí, ènìyàn kàn máa na ẹsẹ̀ ni, bàtà rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ọdún púpọ̀ ló fi ṣe é. Àìsàn tí kò pẹ́ ló mú un lọ, láti ìgbà náà ni bàtà sì ti ń gun ara wọn lẹ́nu ọ̀nà bí ẹja nínú agbọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ènìyàn burúkú ni ìjọ náà. Nígbà tí Èyítáyọ̀ kú, wọn ò fi Morákinyọ̀ sílẹ̀. Ìyá Olúbùsọ́lá, olórí àwọn obìnrin, ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ín. Ọbẹ̀ kò tán nínú fíríìjì ilé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá Lazarus, tó dá ìjọ náà sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú nítorí ọjọ́ orí, dúró tì í nínú òjò ní ibojì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbòjò bo òun. Ohun tí Morákinyọ̀ kò lè gbàgbé nìyẹn, òun náà ló sì wá dì í lẹ́nu nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀.

Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ló rí i pé bàbá òun ń jókòó lásán níwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò tàn. Ó mọ̀ pé kí bàbá òun tó wá sí London, iṣẹ́ pátákó kíkọ ló ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó, pé òun ló ń ya orí àwọn tó gẹrun dáadáa sára ilé àwọn onígbàjámọ̀, tó sì ń ya eyín funfun sára ilé àwọn tó ń tọ́jú eyín. Ló bá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Barking Town Centre, wọ́n ní ó jẹ mọ́ àwòrán. Nígbà tí Morákinyọ̀ débẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì nínú àpò, ó rí i pé ẹnikẹ́ni ò ní ya ohunkóhun. Wọ́n kàn fẹ́ máa wo àwòrán àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ni, kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Inú bí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sílé.

Catherine, olùkọ́ wọn, ló dá a dúró láìmọ̀. Ó fi àwòrán kan hàn wọ́n lára ògiri: Màríà jókòó sórí ìtẹ́, ó tóbi bí ilé, àwọn áńgẹ́lì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n kéré sí i púpọ̀, ojú gbogbo wọn sì jọra. Lẹ́yìn wọn, kò sí òfuurufú, kò sí ògiri, góòlù lásán ni. Ẹni tó sanwó iṣẹ́ náà kúnlẹ̀ nísàlẹ̀, ó rí bíńtín. Catherine ní bí wọ́n ṣe ń yàwòrán fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún nìyẹn, pé ipò ènìyàn ló ń sọ bó ṣe máa tóbi tó. Ó wá fi iṣẹ́ ará Ítálì kan tí wọ́n ń pè ní Giotto hàn wọ́n. Níbẹ̀, àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ Jésù jókòó sílẹ̀, ara wọn wúwo, àwọn kan tilẹ̀ kẹ̀yìn sí ẹni tó ń wò wọ́n. Morákinyọ̀ mọ ẹ̀yìn yẹn. Òun náà ti jókòó bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀, tí àwọn abánikẹ́dùn ń wọlé, tí ń jáde. Láti ọjọ́ náà, kò pa kíláàsì jẹ mọ́.

Ó béèrè lọ́wọ́ Catherine pé ṣé àwọn ti ìṣáájú kò mọ àwòrán yà ni. Catherine ní wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, ìbéèrè mìíràn ni wọ́n ń dáhùn. Àwọn yẹn ń béèrè pé ta ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn tó dé lẹ́yìn ń béèrè pé, bí mo bá dúró síbí, kí ni ojú mi máa rí. Ìdáhùn náà kò tẹ́ Morákinyọ̀ lọ́rùn. Lọ́kàn tirẹ̀, àwọn ará àtijọ́ yẹn kò mọ̀ ọ́n ni, olùkọ́ kàn ń bò wọ́n láṣìírí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nǹkan tuntun máa ń ní irú ìgbéraga bẹ́ẹ̀.

Ní àkókò yìí gan-an ni Alàgbà Adédìran, alága ìgbìmọ̀ Ìkórè, pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ ti ṣófo jù. "Brother Morákinyọ̀, a gbọ́ pé ẹ ti padà sídìí àwòrán. Ẹ ya ìjọ wa fún wa, bó ṣe ń jọ́sìn gan-an, ká gbé e kọ́ lọ́jọ́ Ìkórè. Ẹ kàn ya ohun tí ẹ bá rí." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni Morákinyọ̀ gbé lọ sílé. Bí ó bá mọ̀ ni, ì bá ní kí Alàgbà tún un sọ níwájú ẹlẹ́rìí.

Ó ra pákó pẹlẹbẹ ńlá, ó gbé e sínú yàrá tí ìjọ ń kó àga sí, ó sì ń lọ síbẹ̀ bó bá ti jáde níbi iṣẹ́. Ó ti mọ ibi tó máa dúró sí láti wo ìjọ náà: ẹnu ọ̀nà, níbi tí Èyítáyọ̀ máa ń lóṣòó sí. Láti ibẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ dé ojú ni bàtà, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn àwọn olùjọsìn, ìlà dé ìlà, wọ́n ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń jìnnà, títí dé pẹpẹ, níbi tí Bàbá Lazarus gbé ọwọ́ sókè. Ó ya òjìji sára sùtánà níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kò dé. Ó ya ògiri páànù. Ó ya híítà tó wà lára ògiri náà, nítorí ó wà níbẹ̀.

Níwájú pátápátá, ní apá ọ̀tún, ó ya Èyítáyọ̀ lórí ìlóṣòó, ó di bàtà ẹyọ kan mú, ó ń wá èkejì. Ojú rẹ̀ ló gba Morákinyọ̀ lákòókò jù. Kò lo fọ́tò, torí pé nínú gbogbo fọ́tò tó wà nílé, Èyítáyọ̀ ti kun àtíkè, ó ti dúró gbọnin, ó ń wo ayafọ́tò bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Ojú tí Morákinyọ̀ ń wá ni èyí tó máa ń ní tó bá gbàgbé pé ẹnìkan ń wo òun. Ó yà á, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò mọ bó ṣe ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ kàn ba ètè yẹn, bó ṣe máa ń fún un pọ̀ tó bá ń ṣírò ohun kan lọ́kàn. Ó jókòó sórí àga ìjọ, ó ń wò ó. "O pẹ́ o," ló sọ fún un.

Ìyá Olúbùsọ́lá ló kọ́kọ́ wá wò ó. Ó dúró pẹ́, ó ń fa ojú ro.

"Brother, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fọ àwọn sùtánà yìí?"

"Òjìji ni, Ma. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò bá dé máa ń ṣú díẹ̀."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń bójú tó aṣọ ìjọ yìí, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé aṣọ tó dọ̀tí lápá dé iwájú pẹpẹ rí. Funfun ni funfun, jàre."

"Ma, ó ti lé ní six hundred years tí wọ́n ti ń yà á báyìí ní Ítálì."

"Kí àwọn ará Ítálì lọ fọ tiwọn."

Morákinyọ̀ rò pé eré ni. Nígbà tó di Sunday tó tẹ̀ lé e, Ìyá Olúbùsọ́lá ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin pé wọ́n ti ya aṣọ àwọn ní ìdọ̀tí, àwọn méjì kan ò sì dáhùn nígbà tí Morákinyọ̀ kí wọn. Ó lọ bu ọ̀dà funfun. Ó nu gbogbo òjìji kúrò, ìlà dé ìlà. Bí òjìji ṣe kúrò, ènìyàn kúrò nínú sùtánà, ó ku aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ó ká a lára débi pé kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyítáyọ̀ nìkan ni kò fọwọ́ kàn, torí ó ró aṣọ ilé lé sùtánà nínú àwòrán, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ to bàtà.

Lẹ́yìn náà ni Alàgbà Adédìran dé. Ó wo àwòrán sókè, ó wò ó sódò.

"Níbo ni Bàbá wà?"

"Àwọn nìyẹn, sà, níwájú pẹpẹ."

Alàgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Eléyìí? Eléyìí tó tó àtàǹpàkò mi?"

"Wọ́n jìnnà ni, sà. Ẹni tó bá jìnnà, á kéré lójú. Ẹ wo àwọn bẹ́ńṣì yìí, ẹ wo iná òkè yìí. Ẹ fi ìka yín tẹ̀ lé e. Gbogbo ìlà pátá, ọwọ́ Bàbá ni wọ́n ń lọ."

Ẹ má ṣe sọ pé Alàgbà kò gbìyànjú. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà bẹ́ńṣì, ó dé ọwọ́ Bàbá, ó tún fi tẹ̀ lé ti iná, ó dé ibẹ̀. Ó mi orí. "O dára. But brother, bàtà kan wà níbí tó tóbi ju Bàbá lọ. Sneakers! Ta ló tilẹ̀ ni ín?"

"Ti ọmọ yín ni, sà."

Alàgbà wúkọ́. "Kò tiẹ̀ kan ẹni tó ni ín. Bàbá ò lè kéré sí sneakers. Ẹ fi Bàbá síbi tó yẹ Bàbá."

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ní Barking, Catherine ń ṣàlàyé fún wọn bí àwọn ará ìlú Fọ́lọ́ránsì ní Ítálì ṣe rí òfin tí ohun tó jìnnà fi ń kéré, bí gbogbo ìlà ṣe ń pàdé lójú kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń ṣe háà. Morákinyọ̀ káwọ́ gbera. Ní kíláàsì, àwòrán ń lọ síwájú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti inú góòlù bọ́ sínú afẹ́fẹ́ àti òjìji. Ní Dagenham, tirẹ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì ń fà á. Ó lọ sọ Bàbá Lazarus di ńlá. Ó sọ ọ́ di ńlá débi pé bí Bàbá tó wà nínú àwòrán bá dìde dúró dáadáa, á gbé páànù òrùlé lọ. Nígbà tí Bàbá ti tóbi, àwọn alàgbà yòókù ò lè kéré jù, ló bá di pé kí ó to wọ́n bí ipò ṣe rí. Alàgbà Adédìran wá ní ìgbà méjì láti rí i pé òun ò kéré sí akọ̀wé ìjọ.

Ó sọ fún Ayọ̀mípọ̀sí lórí fóònù. Ọmọ náà wà nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Stratford.

"Daddy, just tell them no. It's your painting, àbí?"

"Àwọn ló sin ìyá ẹ, Pọ̀sí."

"I know, Daddy. Mo mọ̀. But that doesn't mean..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó béèrè ohun mìíràn, "Mummy ṣì wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Okay. Then leave the rest for them jàre."

Bẹ́ẹ̀ náà ni Morákinyọ̀ ṣe pinnu. Nígbà tí wọ́n ní híítà kò yẹ níbi tí àwọn máa kọjú sí gbàdúrà, tí Alàgbà mú kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan wá láti fi hàn án bí ọ̀run ṣe yẹ kó rí, kò jiyàn. Ó pa híítà rẹ́, ó pa ògiri páànù rẹ́, ó fi góòlù bo gbogbo rẹ̀ dé òkè. Ó tu ara rẹ̀ nínú pẹ̀lú ohun tó rí lọ́jọ́ tí Catherine kó wọn lọ sí ilé àwòrán tó wà ní Trafalgar Square. Iṣẹ́ ará Ítálì mìíràn, Masaccio, wà níbẹ̀, Màríà àti ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ èso àjàrà, ìmọ́lẹ̀ ti apá òsì wá, òjìji bọ́ sí apá ọ̀tún, ara ìyá náà wúwo lórí ìjókòó. Síbẹ̀ góòlù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Catherine ní irú góòlù bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń sanwó iṣẹ́ sábà máa ń fẹ́. Bí ẹni tó mọ òjìji tó yẹn bá fi góòlù sílẹ̀ fún wọn, kí ni ti Morákinyọ̀ tó ń wa lọ́ọ̀rì.

Ó ya fọ́tò àwòrán náà, ó fi han Catherine lẹ́yìn kíláàsì. Obìnrin náà fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ó ń wò ó láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè àtijọ́ yẹn ni ìjọ rẹ̀ ń béèrè, pé ta ló ṣe pàtàkì jù, wọn kò sì ṣàṣìṣe bí ìbéèrè wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gún Morákinyọ̀ nínú, torí ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà Catherine dé ọ̀dọ̀ Èyítáyọ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní obìnrin yìí nìkan ló ń mí nínú yàrá náà. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí Ìkórè ku díẹ̀, ìgbìmọ̀ wá wo iṣẹ́ fún ìgbà ìkẹyìn. Inú wọn dùn sí góòlù. Inú wọn dùn sí Bàbá. Láti ọjọ́ yìí wá, aṣọ wọn àti Bàbá nìkan ni ojú wọn ti ń wá, Ìyá Olúbùsọ́lá ló kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú wo ìsàlẹ̀ dáadáa, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Èyítáyọ̀ rèé. Ah, Brother. Òun gan-an rèé." Omi lé sójú rẹ̀, ó fẹ́ fọwọ́ kan ojú àwòrán náà, ó tún fà á padà.

Alàgbà Adédìran tẹrí ba fún ọ̀wọ̀ òkú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣe é dáadáa, Brother, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. But she's too big. Ó tóbi ju Bàbá, ó tóbi ju pẹpẹ fúnra rẹ̀. Ó tún kẹ̀yìn sí i. Àlejò tó bá wọlé, òun ló máa rò pé à ń sìn."

"Ẹnu ọ̀nà ló wà, sà. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà..."

"Ẹ ti sọ ti ẹnu ọ̀nà fún wa. Ẹ sọ ọ́ di kékeré, kẹ́ ẹ fi sí igun kan, tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́. Bàbá ò ní fara mọ́ ọn báyìí."

"Ṣé Bàbá ti rí i?"

"Bàbá ò ní láti rí i kí n tó mọ ohun tí Bàbá fẹ́."

Morákinyọ̀ wo Ìyá Olúbùsọ́lá. Ìyá náà wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu Morákinyọ̀ nígbà náà, gbogbo èyí tó ti ń gbé mì láti ìgbà òjìji sùtánà, wọ́n ti dé ẹ̀yìn eyín rẹ̀. Àmọ́ ó rántí òjò ibojì àti ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú. Ó rántí aṣọ funfun tí ìyá tó wolẹ̀ yìí rán. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ pé rárá fún àwọn tó bá ni sin aya ẹni? "Mo ti gbọ́, sà," ló sọ.

Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ di kékeré, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó ní ó sàn kó má sí níbẹ̀ rárá ju kó wà ní igun bí ọmọdé tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ó bu ọ̀dà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹsẹ̀, ó pa bàtà rẹ́, ó pa ọwọ́ rẹ́, ó fi ojú sílẹ̀ dìgbà ìkẹyìn. Ọ̀dà kò bò ó lẹ́ẹ̀kan. Ètè yẹn ṣì ń hàn lábẹ́ funfun, ó fún pọ̀, ó ń ṣírò. Ó ní láti dúró kí ti àkọ́kọ́ gbẹ, kí ó tó tún fi òmíràn lé e. Àárín ìgbà tó ń dúró yẹn ni inú bí i jù láyé rẹ̀, kì í ṣe sí Alàgbà, kì í ṣe sí ìjọ, sí ọwọ́ ara rẹ̀ tó di búrọ́ọ̀ṣì mú.

Ọjọ́ Ìkórè dùn, ẹ má bi mí. Iṣu wà, ọsàn wà, wọ́n to páálí mílíìkì gègèrè níwájú pẹpẹ. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán, ìjọ hó. Góòlù ń kọ mànà lábẹ́ iná. Wọ́n pe Morákinyọ̀ síwájú, wọ́n gbàdúrà fún ọwọ́ rẹ̀ pé kò ní rọ. Ó ṣe àmín. Ayọ̀mípọ̀sí, tó wá láti wo ìyá rẹ̀, wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀ pákó náà, ó wo bàbá rẹ̀, ó dìde, ó bọ́ síta.

Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ènìyàn rọ́ dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Bàtà ti di òkìtì. Àwọn ọmọdé ń fà á, àwọn ìyá ń pariwo, ẹnìkan ti wọ bàtà ẹlòmíràn lọ. Morákinyọ̀ dúró kí èrò fà díẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, ó bá Bàbá Lazarus lórí àga kékeré yẹn, èyí tí Èyítáyọ̀ máa ń to bàtà aláboyún sí. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ Bàbá, ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ kejì.

"Ta nìyẹn?"

"Morákinyọ̀ ni, sà. Ẹ kú ìkórè, sà."

"Morákinyọ̀. Bàtà mi kan ti sọnù. Ìyàwó rẹ ló máa ń tò ó fún wa níbí, n kì í wá a nígbà yẹn."

"Èyítáyọ̀, sà."

"Òun náà ni." Bàbá mi orí. "Mo yà sí yàrá àga yẹn lọ́jọ́ kan, o ò sí níbẹ̀. Ojú mi yìí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tó wà lókè àwòrán rẹ, kùrukùru ni. Òun nìkan ni mo rí kedere. Mo tiẹ̀ kí i, mo ní Èyítáyọ̀, o kú iṣẹ́. Lónìí tí wọ́n ṣí i, mo wá a títí, mi ò rí i. Mo ní ojú mi ló tún ti bàjẹ́ sí i."

"Ojú yín kọ́, sà. Wọ́n ní kí n pa á rẹ́. Wọ́n ní ó tóbi jù yín lọ."

Nínú lọ́hùn-ún, Alàgbà Adédìran àti ẹbí rẹ̀ ń ya fọ́tò níwájú góòlù.

"Ta ló bi mí léèrè?" ni Bàbá sọ, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ó ṣeé yà padà?"

Morákinyọ̀ ti kúnlẹ̀ sínú òkìtì, ó ń fi ọwọ́ yẹ bàtà àwọn ẹlòmíràn sọ́tùn-ún sósì. "Mo lè ya obìnrin kan síbẹ̀, sà," ni ó dáhùn. "Mi ò rò pé òun ni yóò jẹ́."

Ó rí bàtà Bàbá lábẹ́ búùtù òjò kan. Ó nù ún, ó fi wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó so okùn rẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbé e síbẹ̀ pẹ́, kò gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n ti mú Bàbá lọ sínú ọkọ̀, Morákinyọ̀ padà wá bàtà tirẹ̀. Ó wá a títí gbogbo ènìyàn fi lọ tán, kò rí i.